Orí Kẹfà: Yíyan Sítírípà àti Kírímpà fún Iṣẹ́ Rédíò àti Sípíkà Inú Mọ́tò

*Fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ iṣẹ́ rìwáyà*

Èròǹgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kó lè:

- ṣàlàyé ohun tó ń mú kí ojú ìsopọ̀ wáyà gbóná;
- ka ìwọ̀n wáyà ní AWG àti ní mm², kó sì dá wáyà bàbà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi bàbà bò lójú;
- yan sítírípà tó bá wáyà mu, àti kírímpà tó bá tẹ́mínà mu;
- dán irinṣẹ́ wò lọ́jà kó tó sanwó, kó sì dán iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò kó tó dá mọ́tò padà fún olówó rẹ̀.

Ìfáàrà

Iwájú ààfin Aláàfin ni Ọjà Akẹ̀sán wà nílùú Ọ̀yọ́. Iná jó ọjà náà ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì tún un kọ́. Ẹni tó bá ń ná an lónìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un ohun tí iná lè fi ọjà ṣe. Lágbègbè bẹ́ẹ̀, mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí láti polówó àgbo kì í wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Nissan Micra akérò tí rédíò rẹ̀ ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Bátìrì fóltì 12 ni gbogbo wọn ti ń fa iná, rìwáyà ló sì so wáyà wọn; ìsopọ̀ tí kò bá dára lè gbóná títí yóò fi jó.

Bí ohun èlò bẹ́ẹ̀ bá bà jẹ́, áńpílífáyà tàbí sípíkà ni oní-mọ́tò kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ibi tí wáyà ti pàdé tẹ́mínà ni rìwáyà tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí irinṣẹ́ méjì tí wọ́n fi ṣe ibẹ̀ ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò pẹ́. Irinṣẹ́ méjèèjì yìí ni orí yìí dá lé.

6.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò máa lò

Sítírípà ni irinṣẹ́ tí a fi ń bó rọ́bà kúrò lára wáyà láì pa bàbà inú rẹ̀ lára. Kírímpà ni pláyà tí a fi ń fún tẹ́mínà mọ́ wáyà títí wọn yóò fi di ara kan náà. Tẹ́mínà ni irin kékeré tó ń wà lórí wáyà, tí a fi ń so ó mọ́ fíúsì, sípíkà tàbí ara mọ́tò. Èyí tó tóbi, tó sì ní ihò fún bóòtù, ni lọ́ọ̀gì. Fọ́nrán ni ọ̀kọ̀ọ̀kan okùn bàbà tín-ín-rín tó para pọ̀ di wáyà. Ojú ìsopọ̀ ni ibi tí wáyà ti pàdé tẹ́mínà tàbí wáyà mìíràn. Léèdì ni irin rírọ̀ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ láti lẹ ojú ìsopọ̀ pọ̀. Ìdènà, tí a ń fi óòmù (Ω) wọ̀n, ni bí ibì kan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ẹ́ẹ̀tì ni ìsopọ̀ tó ń gba ara mọ́tò dá iná padà sí orí bátìrì tó ní àmì −.

6.2 Ìdí tí ojú ìsopọ̀ fi ń gbóná

Ìṣirò kan ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí:

ooru (wáàtì) = iná (áńpíà) × iná (áńpíà) × ìdènà (óòmù)

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò alágbo kan ṣe àpẹẹrẹ. Áńpílífáyà rẹ̀ ń gbé ohùn wáàtì 400 jáde, irú D sì ni. Irú D máa ń sọ nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 iná tó bá gbà di ohùn. Nítorí náà, kó tó lè gbé 400 jáde, ó ní láti gba wáàtì 500. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná mọ́tò máa ń wà ní ìwọ̀n fóltì 13.8. Bí a bá fi 13.8 pín 500, a ó rí i pé nǹkan bí áńpíà 36 ló ń kọjá nínú wáyà nígbà tí ohùn bá wà lókè pátápátá.

Bí ojú ìsopọ̀ kan bá dára, ìdènà rẹ̀ lè má ju 0.0005 Ω lọ. Ooru ibẹ̀ yóò jẹ́ 36 × 36 × 0.0005, èyí tí kò tó wáàtì kan. Ọwọ́ kò ní mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá fi eyín pláyà lásán tẹ tẹ́mínà náà, tí àyè wà láàárín àwọn fọ́nrán, ìdènà ibẹ̀ lè di 0.05 Ω. Ooru yóò di nǹkan bí wáàtì 65, bí ẹni pé wọ́n tan áyọ́ọ̀nù ìjóléèdì oníwáàtì 60 sílẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Rọ́bà PVC tó wọ́pọ̀ lára wáyà ilé kò ṣe é lò kọjá ìwọ̀n ooru 70 °C. Ojú ìsopọ̀ kan náà yóò tún jẹ fóltì 1.8 nínú 13.8 kí iná tó dé áńpílífáyà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí ìlù bá ti wúwo, ohùn á já, iná iwájú rédíò á sì máa ṣẹ́jú.

Fíúsì kò ní gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èyí. Iná tó pọ̀ jù ni fíúsì ń ṣọ́. Áńpíà 36 yìí kò pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi fíúsì 50 sí fún, nítorí náà fíúsì á wà bó ṣe wà, ojú ìsopọ̀ á sì máa jó díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣì í rò.

Ìmìtìtì náà tún wà níbẹ̀. Mọ́tò tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn dé òpin, ojú ìsopọ̀ tí kò fún dáadáa a sì máa tú sí i lójoojúmọ́. Bí ẹ́ẹ̀tì ló bá tú, ariwo fíín tó ń ga bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe ń tẹ tọ́rótù lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú sípíkà: ìró ọ́tánétọ̀ ni.

6.3 Mímọ wáyà kí a tó mọ irinṣẹ́

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn wáyà. Wáyà ilé tó wà lọ́jà Nàìjíríà máa ń ru mm²: 1.5, 2.5, 4, 6 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà áńpílífáyà àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tòkunbọ̀ máa ń ru AWG, ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú AWG, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni wáyà ń tóbi, èyí sì máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láàmú.

| AWG | mm² | Ibi tí a ń lò ó | Àwọ̀ tẹ́mínà |
|---|---|---|---|
| 18 | 0.8 | sípíkà kékeré, wáyà rìmóòtù áńpílífáyà | pupa |
| 16 | 1.3 | sípíkà ẹnu ọ̀nà | pupa tàbí búlúù |
| 14 | 2.1 | iná rédíò, sípíkà ńlá | búlúù |
| 10 | 5.3 | áńpílífáyà kékeré | yẹ́lò |
| 8 | 8.4 | áńpílífáyà irú D bíi ti 6.2 | lọ́ọ̀gì |
| 4 | 21 | áńpílífáyà ńlá | lọ́ọ̀gì |

Wáyà ilé 1.5 àti 2.5 sábà máa ń jẹ́ ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo. Kò yẹ kó wọ inú mọ́tò rárá: ìmìtìtì á ṣẹ́ ẹ, tẹ́mínà tí a sì ń fún kì í di ọ̀pá kan ṣoṣo mú bó ṣe ń di fọ́nrán púpọ̀ mú.

Wáyà kan sì tún wà tí ìta rẹ̀ jẹ́ bàbà, tí inú rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù. CCA ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́. Álúmíníọ̀mù kò ju nǹkan bí ìdá 61 nínú 100 agbára bàbà lọ láti gbé iná, nítorí náà CCA 8 AWG kò lè rọ́pò bàbà 8 AWG. Kí a fi abẹ ha fọ́nrán kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, CCA ni. Ó tún máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí wáyà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kó wúwo lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mú èyí tó tóbi jù ú lọ ní ipele kan ó kéré tán.

6.4 Sítírípà

Eyín, abẹ àti iná ìṣáná ni ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ fi ń bó wáyà. Iná ló burú jù nínú wọn. Rọ́bà PVC tó ń jó máa ń tú èéfín olóró jáde, èéfín náà a sì fi ẹ̀ríìrí dúdú sára bàbà, tí tẹ́mínà kò fi ní fara kan irin dáadáa mọ́. Fífi eyín bó wáyà ń ba eyín jẹ́. Abẹ ní tirẹ̀ máa ń gé fọ́nrán: wáyà 16 AWG kan tó ní fọ́nrán 26, bí abẹ bá gé márùn-ún nínú wọn, nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 bàbà rẹ̀ ti lọ kí iná tó gba ibẹ̀ kọjá. Oní-mọ́tò kò ní rí i, nítorí tẹ́mínà á ti bò ó.

Oríṣi sítírípà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ yìí.

Sítírípà oníhò ní ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló ń yan ihò, nítorí náà ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti mọ wáyà. Kò ní ohun púpọ̀ tó lè bà jẹ́. Bí kò bá ju sítírípà kan lọ tí ọmọ iṣẹ́ lè rà, èyí ni kó rà. Kó kàn ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ AWG nìkan ló ru nígbà tó jẹ́ wáyà mm² ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ihò 14 ló sún mọ́ 2.1 mm² jù, kì í ṣe 2.5.

Sítírípà onísúkúrù ní ẹnu méjì tó gé bíi V, súkúrù kan ló sì ń dá a dúró níbi tí a bá fẹ́. Owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí wáyà bá yí padà ni súkúrù gbọ́dọ̀ yí padà, ẹni tó ń kánjú kì í sì rántí.

Sítírípà aládàáṣe máa ń di rọ́bà mú, á gé e, á sì fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà tí a bá tẹ ọwọ́ rẹ̀. Knipex, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ti wà láti ọdún 1882, ń ṣe ọ̀kan tó ń bó wáyà 0.2 sí 6 mm² láì sí pé a yí nǹkan kan. Irú rẹ̀ yá gan-an fún ẹni tó ń so sípíkà mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Àmọ́ èyí tó pọ́ọ́kú nínú wọn máa ń fa rọ́bà gùn dípò kó gé e, pàápàá rọ́bà rírọ̀ tó wọ́pọ̀ lára wáyà sípíkà.

Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè bó wáyà 4 AWG. Ọ̀bẹ mímú ni wọ́n ń lò fún ìyẹn: kí ọ̀bẹ yí rọ́bà po láì kan bàbà, kí a wá tẹ rọ́bà síwá sẹ́yìn títí yóò fi já fúnra rẹ̀.

Bí bàbà tí a ó bó yóò ṣe gùn tó náà ṣe pàtàkì. Kó gùn tó ihò tẹ́mínà, kí orí rẹ̀ sì yọ síta díẹ̀, kó má ju milimítà kan lọ. Bí rọ́bà bá wọ inú ibi tí bàbà yẹ kó wà, rọ́bà ni kírímpà á fún mọ́ tẹ́mínà, iná kò sì ní rí ọ̀nà gbà.

6.5 Kírímpà

Ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi ló mú kí fífún tẹ́mínà gbilẹ̀. Ní ọdún 1941 ni Uncas Whitaker dá ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n wá ń pè ní AMP sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ́mínà tí a ń fún mọ́ wáyà láì jó léèdì ni wọ́n sì ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ náà lásìkò ogun. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà náà ni rìwáyà ń wá lónìí: ìsopọ̀ tí ìmìtìtì kò lè tú.

Nígbà tí kírímpà bá fún tẹ́mínà tó bó ṣe yẹ, àwọn fọ́nrán á rún mọ́ra, afẹ́fẹ́ á jáde láàárín wọn, bàbà á sì so mọ́ irin tẹ́mínà láì sí iná níbẹ̀. Bí kò bá fún tó, àyè á ṣẹ́ kù. Bó bá fún jù, fọ́nrán á gé. Nítorí náà, ìwọ̀n ni kírímpà rere ń ta, kì í ṣe agbára.

Ẹnu kírímpà gbọ́dọ̀ bá irú tẹ́mínà mu, kókó orí yìí sì nìyẹn. Tẹ́mínà olórọ́bà, pupa, búlúù tàbí yẹ́lò, ń fẹ́ ẹnu tó rí bí ẹyin. Tẹ́mínà tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ mọ́tò fúnra rẹ̀ ṣe kò ní rọ́bà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì là sílẹ̀: ó ní ìyẹ́ méjì níwájú tó ń di bàbà mú, àti méjì lẹ́yìn tó ń di rọ́bà mú. Ẹnu tó rí bíi lẹ́tà B ló ń ká ìyẹ́ wọ̀nyí wọ inú láàárín àwọn fọ́nrán. Bí a bá fi ẹnu ẹyin tẹ ẹ́, ìyẹ́ á kàn dojú bolẹ̀, wáyà á sì yọ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fa rédíò síta. Lọ́ọ̀gì wáyà 8 AWG àti ti èyí tó tóbi jù ú lọ ń fẹ́ kírímpà ńlá tí ẹnu rẹ̀ ní igun mẹ́fà. Nínú àwọn kan, agbára òróró tó ń gbé jáàkì sókè náà ló ń ti ẹnu wọn pa dé.

Ohun kejì tí a ó wò ni ráṣẹ́ẹ̀tì, eyín inú ọwọ́ kírímpà tí kì í jẹ́ kó ṣí títí yóò fi tẹ̀ dé òpin. Kírímpà tí kò ní ráṣẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ bí ó bá ṣe rẹ ẹni tó dì í mú tó, tẹ́mínà àárọ̀ kò sì ní dọ́gba pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́. Kírímpà oníráṣẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ṣe é pààrọ̀ ló yẹ iṣẹ́ yìí jù, torí ọwọ́ kan ṣoṣo náà á gba ẹnu ẹyin àti ẹnu B.

Léèdì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá rìwáyà ló gbà pé ìsopọ̀ tí wọ́n kò bá jó léèdì sí kò tíì parí. Nínú rédíò gan-an, lórí bọ́ọ̀dù, léèdì ló yẹ. Ṣùgbọ́n lára wáyà tó ń gbọ̀n, léèdì máa ń wọ inú fọ́nrán lọ, á sọ ọ́ di ọ̀pá líle, ibi tí líle náà bá sì parí sí ni wáyà ti máa ń ṣẹ́. Ohun tó burú jù ni jíjó léèdì sórí fọ́nrán kí a tó fi kírímpà fún un: léèdì rọ̀, bí ọjọ́ ṣe ń lọ á máa sún lábẹ́ ìfúnpá, tẹ́mínà á sì tú.

6.6 Rírà irinṣẹ́

Láàárín àwọn irinṣẹ́ tuntun tó pọ́ọ́kú àti tòkunbọ̀ ni ọmọ iṣẹ́ ti máa ń yan. Ìlú Èkó, ní ọjà Àlàbá àti Ládípọ̀, ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń kó rédíò àti ẹ̀yà ara mọ́tò wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Tòkunbọ̀ tó dára lè lágbára ju tuntun lọ, bí ẹnu rẹ̀ kò bá tíì jẹ.

Kí ẹni tó ń rà á mú wáyà àti tẹ́mínà díẹ̀ dání. Àgbà ni ẹni tó ń tajà sábà máa ń jẹ́, nítorí náà kó fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi wáyà tèmi dán an wò.” Kó pa ẹnu sítírípà dé kó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Àlàfo kò gbọ́dọ̀ hàn láàárín eyín rẹ̀ níbi tí kì í bá ti í ṣe ihò. Kó bó wáyà kan, kó tú fọ́nrán rẹ̀ palẹ̀, kó sì wò ó bóyá ọ̀kankan já tàbí ní ojú àpá. Ní ti kírímpà, kó tẹ̀ ẹ́ pa dé láìsí nǹkan lẹ́nu rẹ̀: ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé ní gbọọrọ, kí ráṣẹ́ẹ̀tì sì tú fúnra rẹ̀.

Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, kírímpà oníráṣẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ rà. Ọwọ́ tó ní sùúrù lè fi abẹ bó wáyà kó má sì gé fọ́nrán. Kò sí ọwọ́ tó lè fi pláyà lásán ṣe iṣẹ́ kírímpà.

6.7 Dídán ojú ìsopọ̀ wò

Ìlànà UL 486A ti Amẹ́ríkà sọ pé tẹ́mínà tí wọ́n fún mọ́ wáyà 16 AWG gbọ́dọ̀ lè gba ìfà nǹkan bíi kílò 13.6 láì yọ. Ilé ẹ̀kọ́ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti sún mọ́ èyí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó kún fún omi wúwo tó kílò 10. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi tẹ́mínà kọ́ ìṣó tó fìdí múlẹ̀ lára igi, kó so kẹ́ẹ̀gì mọ́ òdìkejì wáyà, kó rọra jọ̀wọ́ rẹ̀, kó sì kó ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ìsopọ̀ tó bá yọ lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì kò yẹ fún mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so gbogbo rẹ̀ sínú mọ́tò, kí wọ́n fi mítà wọn fóltì lórí bátìrì àti lẹ́nu áńpílífáyà nígbà tí ohùn bá wà lókè. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdajì fóltì lọ, kí wọ́n wá ojú ìsopọ̀ tó ń jẹ iná kiri, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ́ẹ̀tì.

6.8 Kókó inú orí yìí

Ìwọ̀n wáyà ló ń yan sítírípà. Irú tẹ́mínà ló ń yan ẹnu kírímpà. Ìdènà kékeré ní ojú ìsopọ̀ ń di ooru ńlá bí áńpíà bá pọ̀, fíúsì kò sì ní mọ̀. Fọ́nrán tó gé, rọ́bà tó wọ inú tẹ́mínà àti léèdì tí wọ́n jó ṣáájú fífún jẹ́ àbùkù tí ojú kì í tètè rí.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín sítírípà oníhò àti sítírípà aládàáṣe? Èwo ni ẹ ó mú fún wáyà tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Áńpílífáyà irú AB kan ń gbé wáàtì 400 jáde, ìdá 50 nínú 100 iná tó gbà ló sì ń sọ di ohùn. Ẹ ṣírò áńpíà tó ń fà ní fóltì 13.8. Ẹ lo àtẹ 6.3 láti yan wáyà fún un.
3. Ojú ìsopọ̀ kan ní ìdènà 0.02 Ω, áńpíà 30 sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Wáàtì mélòó ló ń di ooru níbẹ̀? Fóltì mélòó ló ń sọnù?
4. Ọmọ iṣẹ́ kan fi ẹnu ẹyin fún tẹ́mínà sọ́kẹ́ẹ̀tì Micra tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìsopọ̀ náà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.
5. Iṣẹ́ ọwọ́: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìsopọ̀ mẹ́ta sórí wáyà 16 AWG. Kó fi pláyà lásán ṣe ìkíní, kó fi kírímpà tí kò ní ráṣẹ́ẹ̀tì ṣe ìkejì, kó sì fi oníráṣẹ́ẹ̀tì ṣe ìkẹta. Kó fi kẹ́ẹ̀gì omi dán wọn wò bí 6.7 ṣe là á kalẹ̀, kó fi ayùn irin la èyí tí kò yọ sí méjì, kó sì ya bí àwọn fọ́nrán ṣe rí nínú tẹ́mínà sínú ìwé.